Bẹ́ẹ̀dì Tó Ní Táyà Lẹ́sẹ̀

Bẹ́ẹ̀dì tó bá ní táyà lẹ́sẹ̀, mi ò fọkàn tán an. Bẹ́ẹ̀dì yẹ kó dúró sójú kan, kí èèyàn lè mọ ibi tí orí òun kọ sí àti ibi tí ẹsẹ̀ òun kọ sí. Nítorí náà, nígbà tí Shu Fen, ìyàwó ọmọ mi, dá a lábàá nídìí oúnjẹ alẹ́ pé ká ra bẹ́ẹ̀dì tuntun sí yàrá tí èmi àti ọmọ òun jọ ń sùn, irú èyí tí òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀, tí a ó máa fà jáde lálẹ́ tí a ó sì máa tì padà láàárọ̀, ara fu mí lójú ẹsẹ̀. Mo gbé igi ìjẹun mi méjèèjì lé ẹnu abọ́.

"Ta ni ẹ fẹ́ máa tì?" ni mo bi í.

"Bẹ́ẹ̀dì ni, Màmá," Kian Hwa, ọmọ mi, ló dá mi lóhùn. "Kì í ṣe èèyàn."

Òun àti ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Zi Ning, ọmọ wọn, tí tẹlifíṣọ̀n ò jẹ́ kó gbọ́ ohun tí a ń sọ, bá wọn rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe pé wọ́n ń purọ́ mọ́ yàrá náà o. Ilé oníyàrá méjì ni ilé wa ní Toa Payoh. Tọkọtaya wà ní ọ̀kan, èmi àti Zi Ning wà ní ìkejì. Bẹ́ẹ̀dì pákó tí èmi àti olóògbé ọkọ mi rà nígbà tí a ṣègbéyàwó ni mo ń sùn lé, ó sì gba ìdajì yàrá. Ọmọ ń sùn lórí fóòmù nílẹ̀. Bí mo bá fẹ́ dìde lọ tọ̀ lóru, àfi kí n gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Ọjọ́ kan wà tí mo tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, igbe tó ké jí gbogbo àjà kẹsàn-án. Mo gbà pé yàrá há. Ohun tí mi ò gbà ni pé torí yàrá ni wọ́n ṣe fẹ́ ra bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Bee Tin fún yín, kí ẹ má baà rò pé ìfura lásán ló ń dà mí láàmú. Ọ̀rẹ́ mi ni Bee Tin. Abẹ́ ilé wa nísàlẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ni a ti máa ń jókòó láràárọ̀, tí a ó máa mu kọfí, tí a ó sì máa sọ̀rọ̀ gbogbo ẹni tó bá kọjá. Ọmọ tirẹ̀ náà wá ra bẹ́ẹ̀dì fún un, èyí tó ṣeé ká. Ó ní kí yàrá lè fẹ̀ díẹ̀ ni. Kí ọdún tuntun tó yí po, yàrá ti fẹ̀ tán, Bee Tin sì ti wà ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní ọ̀nà Woodlands. Mo gbé ọsàn lọ kí i níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tẹ́ ẹ sí ní táyà ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nọ́ọ̀sì kan dé, kò bi í léèrè ohunkóhun, ó kàn tì í lọ sẹ́bàá fèrèsé bí ẹni ti kẹ̀kẹ́ ọjà.

"Gek Choo," Bee Tin sọ fún mi, "wọn ò lé mi o. Àyè ni wọ́n ń wá. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá àyè nílé tìẹ náà, mọ̀ pé ìwọ ni àyè tí wọ́n ń wá."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí mi. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Ilé rẹ̀ nìkan ni mo ní. Bí wọ́n bá mú mi kúrò níbẹ̀, kò sí ibòmíràn, àfi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé Bee Tin.

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, gbogbo wa lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Balestier. Mo mú okùn kan dání. Mo ti fi okùn náà wọn yàrá nígbà tí wọn ò sí nílé: láti ara ògiri dé ẹnu ọ̀nà, láti ara ògiri dé ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ta á ní kókó níbi kọ̀ọ̀kan. Èrò ọkàn mi ni pé bí bẹ́ẹ̀dì náà bá fi ìka kan péré ju kókó yẹn lọ, màá sọ ọ́ sókè kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbọ́.

Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, Ọ̀gá Yeo, jẹ́ ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Àǹtí, ẹ jókòó lé e! Ẹ dùbúlẹ̀ pàápàá! Ọ̀fẹ́ ni ìdùbúlẹ̀ níbí!"

Mi ò dùbúlẹ̀. Mo fi ẹ̀ṣẹ́ tẹ fóòmù tó wà lórí tìsàlẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ mi sì kan pákó.

"Fóòmù yìí fẹ́lẹ́ bíi bísíkíìtì."

"Àǹtí, bó bá nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní wọ abẹ́ èyí tó wà lókè."

"Ẹ gbé tòkè ga sí i nígbà náà."

"Bí mo bá gbé tòkè ga sí i, Àǹtí, ẹ ó máa fi àkàbà gòkè lọ sùn ni."

Kian Hwa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ mi yìí, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, ẹni gbogbo ló máa ń pa á lẹ́rìn-ín.

Èkejì tí wọ́n fi hàn wá ní àpótí fífà lábẹ́, ibi tí èèyàn lè kó aṣọ sí. Zi Ning ní òun fẹ́ ẹ torí òun rí ibi tí òun máa kó bèbí òun sí. Mo fà á, ó há. Mo tún fà á, ó bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo gbé e fún Ọ̀gá Yeo, a sì kọjá síwájú.

Ẹ̀kẹta ló dá gbogbo wahálà sílẹ̀. Tìsàlẹ̀ tirẹ̀ kì í dúró nílẹ̀. Bí Ọ̀gá Yeo ṣe fà á jáde, ó fi ẹsẹ̀ ta irin kan, ó gbé e sókè, ẹsẹ̀ tó ká sábẹ́ sì nà tán, ni tìsàlẹ̀ bá ga dọ́gba pẹ̀lú tòkè. Fóòmù tó nípọn dáadáa wọ̀ ọ́. Táyà méjì nínú mẹ́rin ní bíréèkì. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì náà, mo sì fi ìbàdí tì í tagbáratagbára. Kò mì. Ó dùn mí pé kò mì, torí bẹ́ẹ̀dì tó dáa ni, mi ò sì rí ẹ̀sùn tí mo lè fi kàn án.

Shu Fen ò bá ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí a ti dé ibẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ pa ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì náà.

"Ọ̀gá, ṣé àgbàlagbà lè sùn lé tìsàlẹ̀ yìí?" ló béèrè. "Ṣé orúnkún rẹ̀ ò ní máa dùn ún bó bá fẹ́ dìde?"

"Bó ṣe ga yìí, ìyá mi tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún ń sùn lé irú ẹ̀!"

Shu Fen wẹ̀yìn wò bóyá mò ń wo òun. Mò ń wo ìrọ̀rí kan bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkankan.

"Ṣé ó ṣeé yọ kúrò pátápátá?" ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Tìsàlẹ̀ yìí nìkan. Bí a bá fẹ́ tì í lọ síbòmíràn."

"Ibi tó bá wù yín! Ẹ lè tì í dé Johor lẹ́yìn ibodè bí ẹ bá lágbára!"

Àgbàlagbà. Orúnkún. Kúrò pátápátá. Ibòmíràn. Kí ló tún kù tí ẹnìkan á máa wádìí?

Mo fa okùn mi yọ. "Bí a bá fà á jáde, ilẹ̀kùn yàrá ò ní ṣí," mo pariwo. "Ẹ wò ó! Kókó rèé!"

Kian Hwa gba téèpù onírin lọ́wọ́ Ọ̀gá Yeo, ó wọ̀n ọ́n, ó sì ní ilẹ̀kùn á ṣí, àyè ọwọ́ kan á tún ṣẹ́ kù. Okùn mi ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi tẹ́lẹ̀, mo kàn rò pé wọ́n á gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ ni. Wọ́n ra bẹ́ẹ̀dì náà. Wọ́n ní wọ́n á gbé e wá ní Sátidé tó ń bọ̀, wọ́n á sì tú ti àtijọ́ kó lọ.

Sátidé tó ń bọ̀ dé, kò sí bẹ́ẹ̀dì.

"Wọ́n ní kò tíì sí nílẹ̀, Màmá," Shu Fen sọ fún mi, ṣùgbọ́n abọ́ tó ń fọ̀ ló ń wò.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn lọ ni ilé wa ti yí padà. Mo gé ọ̀pẹ̀yìnbó, mo bu iyọ̀ sí i bí Shu Fen ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Shu Fen tí mo mọ̀, ó lè dá odidi ọ̀pẹ̀yìnbó kan jẹ kí ọwọ́ mi tó kan án. Ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní inú òun ò gbà á. Kian Hwa ra akàn aláta bọ̀. Shu Fen jẹ ìrẹsì funfun, ó fi omi ẹ̀fọ́ sí i, kò fọwọ́ kan akàn. Ó ṣe, mo sọ fún ara mi, ó ti ń kórìíra ohun tí ọwọ́ mi kàn àti ohun tí a jọ ń jẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá sísọ́ọ̀sì mi tì. Orí bẹ́ẹ̀dì mi ni mo máa ń fi í sí pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú. Mo wá a títí, orí fíríìjì ni mo ti rí i, lẹ́yìn gáráwá bísíkíìtì. Mo bi Zi Ning, ó ní mọ́mì òun ló gbé e síbẹ̀. Ó dáa. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún Bee Tin, wọ́n kó ohun mímú kúrò nítòsí rẹ̀, wọ́n ní ọpọlọ rẹ̀ ti ń dàrú. Mo dá sísọ́ọ̀sì padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ kejì, ó tún ti wà lórí fíríìjì.

Àwòrán ọkọ mi já lára ògiri, ìṣó rẹ̀ tú. Mo ní kí Kian Hwa bá mi kàn án padà.

"Màmá, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ mìíràn."

"Ìṣó kan péré? Ṣé bàbá rẹ ni kò ní rí àyè gbé kọ́ mọ́ báyìí?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

Ó bọ́ sí yàrá wọn, ó ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ kọjá, wọ́n dákẹ́. Èmi tí mo gbé ọmọkùnrin yìí pọ̀n lọ ta ẹja lọ́jà láti àárọ̀ kùtù, ó wá ń ti ilẹ̀kùn mọ́ mi sọ̀rọ̀.

Bee Tin wá kú. Wọ́n gbé e padà wá sí abẹ́ ilé wa láti ṣe àìsùn ìsìnkú rẹ̀, ibi tí a ti máa ń mu kọfí gan-an. Kian Hwa bá mi sọ̀ kalẹ̀ lọ. Shu Fen ò wá. Bee Tin tó máa ń bá a gba ọmọ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́, tó ń fún un ní ọbẹ̀ gbígbóná bó bá pẹ́ dé láti ìdí iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù awò ojú. Kò wá tanná tùràrí kan péré fún un. Nígbà tí a padà sókè, ó ti gbé omi òdòdó sẹ́nu ọ̀nà fún wa láti fi bọ́jú bọ́wọ́ bí a ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ òkú, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ dúró sí ilé ìdáná lọ́hùn-ún, ó ń wò wá láti òkèèrè bí ẹni pé àrùn ni a kó wọlé.

"O ò bọ̀wọ̀ fún òkú," mo sọ fún un.

"Ẹ má bínú, Màmá," ló kàn sọ. Ojú rẹ̀ pọ́n. Mo ní ojú ẹlẹ́bi ni.

Lọ́jọ́ kejì mo fóònù sí Ọ̀gá Yeo.

"Àǹtí! Bẹ́ẹ̀dì yín ti wà nílẹ̀ tipẹ́tipẹ́ o! Ìyàwó ọmọ yín ló pè pé ká dá a dúró ná. Ó ní òun á pe wá padà."

Nítorí náà, irọ́ ni. Kí ni wọ́n á fi bẹ́ẹ̀dì ṣe fún ẹni tí kò ní pẹ́ lọ? Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo wọ yàrá, mo mú báàgì tí mo gbé wọ ilé yìí nígbà tí ọkọ mi kú. Mo kó aṣọ mi díẹ̀ sí i. Mo kó bùláńkẹ́ẹ̀tì mi sí i, torí ti ilé arúgbó yẹn ń yúnni lára, Bee Tin ti sọ fún mi. Mo jókòó ti báàgì náà, mo sunkún díẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún yín, ẹ̀rù bà mí.

Ìgbà tí ẹkún náà tán ni ìbínú dé. Mi ò ní lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Tèmi yàtọ̀ sí ti Bee Tin. Bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n rà náà á wọlé, màá sùn lé e, màá tẹ bíréèkì rẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, a ó sì wo ẹni tó máa tì mí. Mo tún pe Ọ̀gá Yeo. Mo ní kó gbé e wá lọ́la, nígbà tí tọkọtaya bá wà níbi iṣẹ́ tí ọmọ sì wà nílé ẹ̀kọ́.

Ọkùnrin méjì ló gbé e wá, ọ̀kan jẹ́ apárí, èkejì ga fíofío. Wọ́n to pákó, irin àti fóòmù sí pálọ̀. Èyí tó ga wọ yàrá tààrà, ó ní kí òun lọ wo bí òun ṣe máa tú ti àtijọ́. Apárí náà yọ hámà lápò. Ó ti fẹ́ wọlé tẹ̀lé e, ló bá dúró, ó yíjú sí mi.

"Àǹtí, ẹ má bínú o, a máa ń béèrè ni. Kí n tó kan nǹkan, ṣé kò sí aboyún nínú ilé yìí?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo rín láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

"Aboyún? Ta ni? Èmi? Ìyàwó ọmọ mi ti ń sún mọ́ ogójì ọdún! Ọdún mélòó ni wọ́n ti ń wá a tí wọn ò rí i! Kó tiẹ̀ lóyún, mo ti máa mọ̀. Èmi tí mo mọ gbogbo èèwọ̀ yẹn lórí, ṣé ó lè jẹ́ pé mi ò ní mọ̀? Mo ti máa rí i pé kò jẹ ọ̀pẹ̀yìnbó, kò jẹ akàn, kò..."

Ẹnu mi ṣí, kò lè padé.

Ọ̀pẹ̀yìnbó. Akàn. Sísọ́ọ̀sì lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìṣó tí Kian Hwa ò kàn. Òkú tí kò lọ wò. Bẹ́ẹ̀dì tó dá dúró. Gbogbo rẹ̀ ni mo ti rí. Kò sí ọ̀kan tó fo mí ru. Èmi yìí kan náà ni mo kọ́ Shu Fen ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà oyún Zi Ning, tó ń fi mí ṣẹ̀sín nígbà náà, tó ní ìwé ò sọ bẹ́ẹ̀. Pé ẹ̀mí ọmọ inú máa ń rìn káàkiri ilé, ó lè fara pamọ́ sára ilẹ̀kùn, ó lè wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àti pé ẹni tó bá kan ìṣó mọ́ ibi tó wà tàbí tó gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò lórí rẹ̀, ara ọmọ náà ló ṣe é sí. Pé wọn kì í sọ ọ́ síta, àní fún ìyá ọkọ, títí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ á fi kọjá, kí ẹ̀mí ọmọ náà má baà bínú lọ.

"Ẹ dúró!" mo kígbe. "Ẹ má kan nǹkankan! Ẹ má tú nǹkankan!"

Ariwo kan dún nínú yàrá, gììrì, bí ẹsẹ̀ pákó ṣe ń wọ́ lórí ilẹ̀ alámọ̀ dídán. Mo sáré wọlé, èmi tí mi ò sáré láti ọjọ́ pípẹ́. Èyí tó ga ti fa bẹ́ẹ̀dì mi kúrò lára ògiri. Kò fà á jìnnà. Àyè tó wà láàárín rẹ̀ àti ògiri ò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì ti sún.

"Kí ni mo ṣe?" ọkùnrin náà béèrè.

Apárí náà wo ojú mi, ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó sì rọra fi hámà padà sápò bí ẹni tí ń tẹ́ ọmọ sùn.

"Àǹtí, ká tì í padà?" ó béèrè ní ohùn jẹ́jẹ́.

"Má tì í! Ó ti sún lẹ́ẹ̀kan, kò gbọdọ̀ sún lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ máa lọ. Ẹ fi pákó yín sílẹ̀, ẹ máa lọ."

"A ò rí nǹkankan, Àǹtí. A ò gbọ́ nǹkankan." Ó fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ lápá, wọ́n sì lọ.

Mo jókòó lórí àwọn pákó yẹn ní pálọ̀ láti ìgbà náà. Mi ò jẹun, mi ò tan rédíò. Èmi tí mo ń ṣọ́ gbogbo ènìyàn nínú ilé, tí mo ń fetí sí ilẹ̀kùn, tí mo ń ka ohun tí wọ́n jẹ àti èyí tí wọn ò jẹ, ọwọ́ mi ló wá pe àwọn tó sún bẹ́ẹ̀dì. Bí nǹkan bá ṣe ọmọ yẹn, kò sí ẹni tí màá fura sí mọ́ yàtọ̀ sí ara mi.

Shu Fen dé. Ó ṣílẹ̀kùn, ó rí pákó, ó rí mi lórí pákó. Bàtà rẹ̀ kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá. Ta ló ní kí wọ́n gbé e wá?"

"Èmi ni."

Ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi ikùn rẹ̀, ó sì tètè gbé e kúrò níbẹ̀.

"Wọ́n kan nǹkan?"

"Wọn ò kan ìṣó kankan. Hámà ò kan ohunkóhun nínú ilé yìí. Mo ní kí wọ́n máa lọ."

"Kí ló dé tí ẹ ní kí wọ́n máa lọ?"

A wo ara wa. Mi ò lè dá a lóhùn bó ṣe béèrè, torí ohun tí wọn kì í sọ, wọn kì í sọ ọ́.

"Kò sí ìkánjú," mo ní. "Pákó kì í jẹrà. Màá gbé ọ̀pẹ̀yìnbó inú fíríìjì fún àwọn ará ìsàlẹ̀. Ẹja ni màá sè fún ẹ lálẹ́ yìí, màá fi atalẹ̀ díẹ̀ sí i. Má gbé báàgì yẹn lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, gbé e sílẹ̀."

Ó jókòó sórí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ ti mọ̀."

"Mi ò mọ nǹkankan. Ìwọ náà ò sì tíì sọ nǹkankan."

"Mo ti fẹ́ sọ fún yín tipẹ́, Màmá. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo ní kí n ṣe gbogbo ohun tí ẹ kọ́ mi lọ́tẹ̀ yìí, kí n má fi ọ̀kan sílẹ̀." Ó fọwọ́ nu ojú. "Ọjọ́ tí a lọ ra bẹ́ẹ̀dì, kò tíì sí nǹkankan. Àdúrà ni mo kàn ń gbà. Ìdí nìyẹn tí mo fi béèrè bóyá tìsàlẹ̀ ṣeé tì lọ síbòmíràn. Nígbà Zi Ning, ní gbogbo oṣù kan lẹ́yìn ìbímọ tí ẹ ò jẹ́ kí n jáde yẹn, orí àga lẹ sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ̀yìn yín ò tíì bọ̀ sípò dòní. Mo ní bí Ọlọ́run bá tún ṣe é, a ó ti bẹ́ẹ̀dì náà wọ yàrá tiwa, kí ẹ lè rí ibi tó dáa sùn tì mí."

Yàrá tiwọn. Ibòmíràn tí ọmọ yìí ń béèrè lọ́wọ́ Ọ̀gá Yeo, kò ju ìgbésẹ̀ díẹ̀ lọ sí ibi tí mò ń sùn. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé orí sókè. Mo fẹ́ sọ fún un nípa Bee Tin àti àyè tí wọ́n ń wá, ṣùgbọ́n ó ti dìde, ó ní òun fẹ́ lọ bọ́ aṣọ iṣẹ́ òun. Yàrá mi ló kọ́kọ́ yà sí.

Mo tẹ̀ lé e, ó sì ti pẹ́ jù. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo àyè tó wà láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri. Ó wò ó pẹ́.

"Ó sún," ó sọ.

"Ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Wọ́n fẹ́ tì í padà, mo ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Shu Fen, èmi ni mo..."

Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ ti kúrò lára ògiri, ó ti bọ́ sórí báàgì mi tó wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, tó kún dẹ́nu.

"Níbo lẹ ń lọ, Màmá?"

Ó wo báàgì, ó wo èmi, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ó ti to gbogbo rẹ̀ pọ̀: ìbéèrè mi nídìí oúnjẹ, okùn mi ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọkùnrin tí mo pè wá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣí báàgì náà, ó fa bùláńkẹ́ẹ̀tì mi yọ. Ó ká a gígùn, ó na ọwọ́ kọjá bẹ́ẹ̀dì láìfara kàn án, ó sì fi bùláńkẹ́ẹ̀tì náà dí àyè tó wà lára ògiri láti orí dé ẹsẹ̀.

"Kí ìrọ̀rí yín má baà máa já síbẹ̀," ó ní.

Ó tún kó aṣọ mi jáde nínú báàgì, ó ń fi wọ́n kọ́ sí kọ́bọ́ọ̀dù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì jẹ́jẹ́, kó má baà sún.